Bí A Ṣe Ń Fi Òórùn àti Iyọ̀ Fa Ìgalà, Ẹtu àti Èsúró ní Igbó Kétu àti Sábẹ

Ìgalà lè rí ọdẹ tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá igi kó máa wò ó títí, kó má sá. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá gbé òórùn ọdẹ náà kàn án nímú lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán nìyẹn. Yóò gbó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo ẹran tó wà nítòsí yóò sì mọ̀ pé ibẹ̀ kò dára. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi òórùn fa ẹran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́gun òórùn ti ara rẹ̀. Èyí ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Èyí tó kù ni iyọ̀, èso, àti àmì tí ẹran fúnra rẹ̀ ń fi sílẹ̀ nínú igbó.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ọdẹ ló ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ha ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka igi, tí wọ́n ń kán ìtọ̀ àgbọ̀nrín sí i, tí akọ ńlá sì ń yọ wá. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń ṣe, àmọ́ ẹran ibẹ̀ kọ́ ni ẹran wa. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé tiwọn, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni yóò mọ èyí tó lè mú wá sí igbó Kétu wa ní orílẹ̀-èdè Benin àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún wọn.

Ilẹ̀ híha ti Amẹ́ríkà

Àgbọ̀nrín onírù funfun ni wọ́n ń ṣọdẹ rẹ̀. Láti Kánádà títí wọ apá àríwá Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ń gbé, kò sí irú rẹ̀ kankan nínú igbó Áfíríkà. Ní apá òkè Amẹ́ríkà, ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Bélú ni akọ ń wá abo kiri jù. Ní àsìkò náà, akọ á fi pátákò ha ewé kúrò nílẹ̀ títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 ní fífẹ̀. Lókè ibẹ̀ gan-an, ẹ̀ka igi kan á rọ̀ sílẹ̀, tó fi mítà 1.2 sí 1.5 ga ju ilẹ̀ lọ. Akọ náà á fi iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú ra ẹ̀ka yìí, á lá a, á fi ẹnu họ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò pa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí yóò tọ̀ sórí irun dúdú tó wà níbi oríkèé wọn, kí ìtọ̀ lè gbé òórùn irun náà sọ̀ kalẹ̀ sínú erùpẹ̀. Akọ mìíràn ń wá gbọ́ ọ, abo náà ń wá, wọ́n sì ń fi tiwọn lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ á wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Á wá etí igbó níbi tí ojú ọ̀nà ẹran méjì ti pàdé, á yan igi tí ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ dé gíga tí a wí yẹn, tàbí kó gé ẹ̀ka wá so mọ́ ọn. Á fi ràkè ilẹ̀ tàbí igi ha ewé kúrò títí erùpẹ̀ yóò fi mọ́. Á fi òórùn ra ẹ̀ka náà, á da ìtọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó so ìgò kékeré tó ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Àwọn kan ń lo ìtọ̀ ara wọn, àgbọ̀nrín náà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi gbogbo ọkàn sí ilẹ̀ kó gbàgbé ẹ̀ka; ẹ̀ka ló ṣe pàtàkì jù, torí àgbọ̀nrín ń lo ẹ̀ka náà pàápàá nígbà tí àsìkò ilẹ̀ híha bá ti kọjá. Àṣìṣe kejì ni kí ọdẹ jókòó tì í. Òru ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń bẹ ibẹ̀ wò, nítorí náà ọdẹ tó gbọ́n máa ń ṣọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀, kì í ṣọ́ ibi híha náà.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ inú ìgò wá di ọ̀rọ̀ àìsàn lọ́hùn-ún. Àìsàn kan wà tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́ títí ẹran náà yóò fi rù kú, kò sì ní oògùn. Ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Colorado. Ohun tó ń fà á máa ń jáde nínú ìtọ̀, itọ́ ẹnu àti ìgbẹ́, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí èyí, àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ti fòfin de ìtọ̀ àgbọ̀nrín gidi, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe nìkan ni wọ́n gbà láyè. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní Benin. Kò ní fa ẹran wa, a kò sì gbọ́dọ̀ mú ohun tó lè ba ilẹ̀ wa jẹ́ wọlé.

Ẹran tiwa àti bí wọ́n ṣe ń lo imú

Ìgalà máa ń dá rìn ni. Etí igbó, bèbè odò àti igbó ṣúúrú tó sún mọ́ oko ẹ̀wà ló fẹ́ràn, ewé ló sì ń jẹ jù. Kùtùkùtù, ìrọ̀lẹ́ àti òru ló ń jẹ̀. Akọ máa ń fi ìwo gún igbó kéékèèké, kó ya ẹ̀ka wọn, ṣùgbọ́n kì í ha ilẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ka kan kó wá sọ ọ́ di ibi ìtọ̀. Kò sì ní oṣù kan pàtó tí gbogbo wọn jọ ń gùn; lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń bímọ káàkiri ọdún. Ìyẹn ni pé kò sí ọ̀sẹ̀ kankan tí ìtọ̀ abo nínú ìgò yóò fi gba làákàyè akọ ìgalà, bó ti ń ṣe fún akọ àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà.

Èsúró pupa lára, àwọ̀ eérú wà ní ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó máa ń wọ̀n tó kílò 12 sí 14. Igbó bèbè odò ni ilé rẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹ̀ jù. Ẹtu kéré sí i gan-an, kílò 4 sí 6. Ẹtu kékeré tó wà nínú igbó Tógò, Benin àti Nàìjíríà jẹ́ ẹran tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2010, wọ́n pè é ní Philantomba walteri; ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n rí lọ́jà wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa ti ń pa jẹ tipẹ́ ni ayé wá fún lórúkọ.

Ẹtu àti èsúró ló sún mọ́ àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà jù nínú ọ̀rọ̀ òórùn. Níwájú ojú wọn, ihò wẹ́wẹ́ wà tí omi tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ń tibẹ̀ jáde. Wọ́n ń fi ibẹ̀ kan orí igi kéékèèké, gbòǹgbò àti kùkùté, akọ àti abo, láti sọ pé ibí ní ẹni tó ni ín. Wọ́n ní àgbègbè tí wọ́n ń ṣọ́, wọn kì í fẹ́ àlejò. Ẹtu tún máa ń yàgbẹ́ sí ojú kan náà léraléra. Ẹ ó rí i pé gbogbo èyí wà nílẹ̀ nílẹ̀: láti orókùn ènìyàn wálẹ̀. Ẹ̀ka tó ga ní mítà kan àbọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan sí ẹran tí èjìká rẹ̀ kò tó ìdajì mítà.

Atẹ́gùn ṣáájú ohun gbogbo

Láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ oṣù Èrèlè, ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ní àsìkò yẹn, kí ọdẹ wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ibi tó ń ṣọ́, kó kọjú sí ọyẹ́. Bí òjò bá dé, atẹ́gùn òkun láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló gbòde, ìjókòó náà sì gbọ́dọ̀ yí padà sí òdì kejì. Nítorí náà, ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ máa ṣọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi ìjókòó méjì. Ẹni tó ní ẹyọ kan tó sì ń lò ó yípo ọdún yóò máa rò pé ẹran ti tán nínú igbó.

Lágbègbè àwọn òkè Sábẹ, òkúta ń da ọ̀rọ̀ rú. Kí oòrùn tó mú, atẹ́gùn tútù ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹ jókòó sísàlẹ̀ ju ẹran lọ. Bí ara òkúta bá ti gbóná, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sì máa fi òórùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sókè láìmọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òkúta ṣì di ooru mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé atẹ́gùn yóò tètè yí padà síbi tó wà láàárọ̀.

Ẹ jọ eérú títí yóò fi kúnná, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò oògùn ojú tó ti tán, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Eérú ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú yín gan-an. Òwú àràbà dára jù ú lọ fún ọ̀nà jíjìn: ẹ já fọ́nrán kan sílẹ̀, ẹ máa wò ó títí yóò fi dé mítà 20, ẹ ó rí ibi tó ti ń yí po lẹ́yìn igi ńlá tàbí nínú kòtò odò. Ẹ dán an wò nígbà tí ẹ bá wọ igbó, ní àárín ọ̀nà, àti nígbà tí ẹ bá jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá ń yí po láìní ojú kan, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ìjókòó kan tí ẹ fi agídí jókòó nínú irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ lè ba ibi tí ẹ ti fi oṣù kan tọ́jú jẹ́.

Ìrì àárọ̀ àti ilẹ̀ tútù lẹ́yìn òjò máa ń di òórùn mú pẹ́. Ọ̀sán ọyẹ́ gbígbẹ máa ń tú u ká kíákíá. Ipa ẹsẹ̀ yín láàárọ̀ tí ìrì wà lórí koríko léwu ju ipa ẹsẹ̀ ọ̀sán ọyẹ́ lọ.

Òórùn ara ọdẹ

Epo ọkọ̀ ló ń ba ọdẹ òde òní jẹ́ jù. Ẹni tó ra kpayó sínú alùpùpù rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó fi ọwọ́ kan náà di ìbọn mú, tó fi di ẹ̀ka igi mú, ti fi àmì sílẹ̀ káàkiri. Ẹ ra epo lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ gbé alùpùpù dúró ní mítà 500 ó kéré tán, síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹran. Bí epo bá kan ọwọ́, ẹ fi eérú àti omi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ewé tútù tó wà níbẹ̀ ra á.

Aṣọ ọdẹ, ẹ fi ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a jìnnà sí ilé ìdáná. Bó bá ti gbẹ, ẹ dì í sínú àpò ọ̀rá pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti erùpẹ̀ díẹ̀ láti inú igbó tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ so ó pa. Ẹ má wọ̀ ọ́ gun alùpùpù. Inú igbó ni kí ẹ ti pààrọ̀. Bàtà rọ́bà gíga ló dára jù, torí awọ àti aṣọ ń fa òógùn mu, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ lórí koríko. Sígá, tábà, ọtí sódábì, àlùbọ́sà tútù àti ìpara, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láti àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìbọn náà ní òórùn. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà kó fi omi gbígbóná fọ agba rẹ̀ lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, kó nù ún gbẹ, kó fi epo díẹ̀ ra á. Jíjókú ẹ̀tù inú agba ń rùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì ń jẹ irin. Kẹrosíìnì kọ́ ni ohun tí a fi ń nu ìbọn tó ń lọ sígbó lọ́la.

Ẹ fi àdá gé ẹ̀ka tó bá dí ọ̀nà. Ẹ má fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Ẹ má tutọ́ sílẹ̀. Ẹ mú ìgò kan dání fún ìtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó yé wa: kò sí ọṣẹ tàbí ewé tó lè pa òórùn ènìyàn tán. Gbogbo èyí ń dín in kù ni, kí ó baà lè jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá ṣe díẹ̀, ẹran á dúró rò ó wò dípò kó sá.

Ojúko iyọ̀ fún ìgalà

Ewé kò ní iyọ̀ tó tó fún ẹran tó ń jẹ ewé, pàápàá nígbà tí ewé tuntun tó kún fún omi bá yọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lá erùpẹ̀ ọ̀gán àti bèbè odò kan. Ẹ kọ́kọ́ wá irú ibẹ̀: bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti lá ilẹ̀ títí ó fi jin, ẹ kò nílò iyọ̀ kankan, ẹ ti ní ojúko. Bí kò bá sí, ẹ ṣe tiyín báyìí.

1. Ẹ wá ojú ọ̀nà ẹran tí ipa ẹsẹ̀ tuntun wà. Ti ìgalà ṣóńṣó lórí, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Kí ibẹ̀ wà ní mítà 10 sí etí igbó ṣúúrú, torí ìgalà kì í fẹ́ dúró ní gbangba. Kó jìnnà sí odò tó mítà 50, sí oko tó mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: iyọ̀ ń pa iṣu àti ẹ̀wà, ẹ̀yin náà kò sì ní fẹ́ fa ẹran wọ oko olóko.

2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran ibi tí màlúù wọn ń gbà. Bí màlúù bá rí ojúko iyọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn yóò fi sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ìgalà kò sì ní yọjú mọ́.

3. Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó jìn ní 20. Ẹ gbé erùpẹ̀ tí ẹ kó jáde dànù síbi tó jìnnà.

4. Ẹ fọ́ erùpẹ̀ ọ̀gán tó tó agbada kan. Ẹ pò ó mọ́ kílò 2 iyọ̀ oníhóró tí wọn kò fi nǹkan kan sí, tàbí òkúta iyọ̀ màlúù tí ẹ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀gán ṣe pàtàkì: amọ̀ rẹ̀ ń di iyọ̀ mú kí òjò má tètè gbé e lọ, ẹran sì ti mọ òórùn rẹ̀.

5. Ẹ da á sínú kòtò, ẹ bu lítà 4 tàbí 5 omi odò sí i, ẹ fi igi rò ó. Ẹ má lo ọwọ́. Omi kànga tí ẹ gbé wá nínú bídọ̀n kpayó ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

6. Ẹ gbọn ewé gbígbẹ díẹ̀ sí i lórí, ẹ jáde, ẹ má padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló ń nira jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á fẹ́ lọ wò ó lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹwàá, ipa ẹsẹ̀ ènìyàn á sì pọ̀ ju ti ẹran lọ níbẹ̀. Iyọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní òórùn tó ń pe ẹran láti ọ̀nà jíjìn. Ẹran kan ni yóò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń jẹ̀ kọjá, yóò tọ́ ọ wò, yóò padà wá; ìgbà yẹn ni òórùn ìgbẹ́, ìtọ̀ àti itọ́ ẹran ara rẹ̀ yóò wá máa pe èkejì. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà igbó kó so ó mọ́ igi ní gíga mítà 2, kó kọ ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó sì fi ewé nu ara rẹ̀ kó tó fi sílẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó gbọn erùpẹ̀ gbígbẹ yí ká ojúko náà, kó wá ka ipa ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọ̀sán gangan tí ẹran ń sinmi.

Ẹ tún iyọ̀ kílò 1 bù sí i bí òjò ńlá bá ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, bíi oṣù mẹ́ta mẹ́ta sígbà náà. Ibi tí kò bá sí ipa ẹsẹ̀ kankan lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ló kéré. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni ẹran kò gbà.

Èso, àmì ẹtu, àti ìpè

Iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹtu àti èsúró. Èso tó bọ́ sílẹ̀ ni tiwọn: ìyeyè, ọ̀pọ̀tọ́, egbèsì, àti ẹ̀mí (èso igi tí a fi ń ṣe òrí) ní apá Sábẹ. Kò sí ohun tí ẹ ó dà sílẹ̀ tó lè bá igi tó ń so lọ́wọ́ dọ́gba. Ẹ kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan tó wà ní àgbègbè yín àti oṣù tí èso rẹ̀ ń bọ́ sínú ìwé. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó jókòó sí láìwá ipa ẹsẹ̀ kiri.

Ẹ̀mí nílò ìkìlọ̀ tó lágbára. Nígbà tí ẹ̀mí bá ń bọ́, àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọdé máa ń jí lọ ṣà á kí ilẹ̀ tó mọ́, lábẹ́ igi kan náà tí èsúró ń wá, ní wákàtí kan náà. Ẹ má ṣe ṣọ́ igi ẹ̀mí láàárọ̀ kùtùkùtù. Rárá. Ìrọ̀lẹ́ nìkan, nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ dájú pé gbogbo ènìyàn ti padà sílé, kí ẹ má sì yìnbọn sí ohun tí ẹ kò tíì rí orí, ara àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kedere.

Ní ti àmì, ibí ni ọgbọ́n Amẹ́ríkà ti wúlò díẹ̀. Bí ẹ bá pa ẹtu tàbí èsúró, ẹ gé awọ ibi ihò òórùn níwájú ojú rẹ̀ kúrò, ẹ wé e sínú ewé, ẹ fi í sínú ìgò oníderí. Nínú àgbègbè ẹtu mìíràn, ẹ wá ojú ọ̀nà tóóró, ẹ fi awọ náà ra orí igi kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta, ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 sí ilẹ̀, kí ẹ fi igi mú un, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹtu tó ni ibẹ̀ tó bá ń kọjá yóò dúró gbọ́ òórùn àlejò náà. Ìdúró yẹn ni èrè rẹ̀: ó ń jẹ́ kí ẹran dúró gbọọrọ níbi tí ẹ fẹ́. Kì í pe ẹran láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ lò ó mọ. Bí awọ bá ti ń rà, ohun tí ń jẹ òkú ẹran ni yóò máa wá. Ìgbẹ́ ẹtu tó wà ní ojú kan, ẹ má kó o, ẹ má sún un. Ẹ kàn mọ ibẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

Ìpè náà wà, èyí tí ọdẹ ń di imú ṣe bí ẹtu tó ń ké. Ó ń ṣiṣẹ́ ju òórùn èyíkéyìí lọ fún ẹtu. Àmọ́ abo tó ní ọmọ ló sábà máa ń sáré wá jù. Bí abo bá jáde, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ pè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ lọ síbòmíràn. Ibi tí a ti ń pè lójoojúmọ́, ẹran ibẹ̀ á di agbọ́mátẹ̀lé.

Ìjókòó

Ẹ̀gùn, ìjókòó tí ọdẹ ń fi igi àti okùn so sára igi, tó bá ga ní mítà 3 sí 4 ń gbé òórùn yín kọjá lórí ẹran tó bá sún mọ́, ó sì ń jẹ́ kí ọta kọrí sílẹ̀ dípò kó rìn jìnnà nínú igbó. Ẹ ṣe é ní mítà 20 sí 25 sí ojúko, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà, kì í ṣe lórí rẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ìbàdí àti igi láti ìgbà tí ẹ bá ti kúrò nílẹ̀. Oorun ń gbé ọdẹ ṣubú ju ẹran èyíkéyìí lọ. Ẹ fi okùn fa ìbọn sókè lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó, kí ọta má sì tíì sí nínú rẹ̀.

Ẹ wọlé ní wákàtí méjì kí oòrùn tó wọ̀, láti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, ẹ má gba ojú ọ̀nà ẹran kọjá. Ẹ má jókòó níbi kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Bí ìgalà bá dé tó sì dúró tó gbé imú sókè, ẹ má mira; ó ṣì lè máa bọ̀. Bó bá gbó, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kò ní padà lọ́jọ́ náà.

Bí ipa ẹsẹ̀ bá ń pọ̀ síbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí nǹkan, òru ni wọ́n ń wá, nítorí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù tàbí nítorí ènìyàn ń kọjá lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe gbé iná kiri lóru nítorí ìyẹn. Ẹ tẹ̀lé ojú ọ̀nà wọn padà sínú igbó ṣúúrú tó mítà 80 sí 100, kí ẹ jókòó síbẹ̀. Wọ́n máa ń dúró níbẹ̀ de ìgbà tí ilẹ̀ yóò ṣú kí wọ́n tó jáde.

Àṣẹ, àti pípa ojúko tì

Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà 2004 ló ń ṣàkóso ẹran ìgbẹ́ ní Benin. Ẹ lọ sí ofísì Eaux et Forêts (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó) ní kọmúùnù yín kí ẹ tó gbẹ́ kòtò kankan: ẹ béèrè ìwé àṣẹ, oṣù tí wọ́n ṣí ọdẹ, ẹran tí a kò gbọ́dọ̀ pa, àti bóyá wọ́n gba iyọ̀ láyè lágbègbè yín. Igbó ìjọba, bíi ti Kétu, Dogo, àti Tuí-Kìlìbò, kì í ṣe ibi tí a ń gbé iyọ̀ tàbí ìbọn wọ̀ láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ rí Olúọ́dẹ. Òun ló mọ ibi tí ẹlòmíràn ti dẹ pàkúté sí, ẹni tó ń jókòó níbo, àti igbó tí a kì í wọ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lo ojúko kan mọ́, ẹ wú erùpẹ̀ oníyọ̀ náà jáde, ẹ pín in sínú àpò, ẹ gbé e lọ fún darandaran tó bá fẹ́ ẹ fún màlúù rẹ̀. Ẹ fi erùpẹ̀ lásán dí kòtò náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tú igi ẹ̀gùn sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ikán yóò jẹ okùn àti igi rẹ̀, ọmọdé tó bá sì gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé ó ti rà.